Ṣé dandan ni kí a ya MRI fún ọmọ tuntun tí apá rẹ̀ rọ?

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ti pé oṣù kan ààbọ̀. Ó tóbi, èjìká rẹ̀ sì há nígbà ìbímọ. Láti ìgbà náà ni apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, àmọ́ ó ń fi ìka di nǹkan mú. Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a lọ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ òòfà ń yà, ṣùgbọ́n dókítà wa ní kí a ṣì ní sùúrù. Kí ni ẹ̀rọ náà lè rí tí ojú dókítà kò lè rí? Ṣé wọn yóò sì fún ọmọ ní oògùn oorun?

Dókítà Ọmọwẹ́wẹ́:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Iṣan márùn-ún tí à ń pè ní nẹ́ẹ̀fù, láti C5 (ti ọrùn) títí dé T1 (ti òkè ẹ̀yìn), ni ó ti ọrùn lọ sí apá. Bí èjìká bá há, wọ́n lè kàn nà, wọ́n lè já, tàbí kí gbòǹgbò wọn tu kúrò lára okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Èyí tó nà lásán sábà máa ń sàn fúnra rẹ̀. Èyí tó tu kì í padà. Níbi tí gbòǹgbò bá ti tu, omi tó yí okùn náà ká sábà máa ń ṣàn jáde, yóò sì kóra jọ bí àpò kékeré, funfun báláú nínú àwòrán MRI. Síbẹ̀, gbòǹgbò lè tu láìsí àpò, àpò sì lè wà kí gbòǹgbò má tu, nítorí náà àwòrán nìkan kì í dájọ́.

Dókítà yín kò ṣìnà, nítorí ìka tó ń di nǹkan mú jẹ́ àmì rere. Bí ọmọ kò bá lè ká ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lè wáyé. Nígbà náà ni oníṣẹ́ abẹ nílò àwòrán, kí ó lè mọ̀ bóyá òun yóò fi nẹ́ẹ̀fù láti ẹsẹ̀ so ibi tó já, tàbí òun yóò darí nẹ́ẹ̀fù mìíràn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo apá títí dé ìka bá rọ, tí ìpéǹpéjú ìhà kan náà sì wálẹ̀, ẹ má ṣe dúró dìgbà náà.

Ayàwòrán:
Ní ti oorun, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lè má nílò oògùn rárá: a ó jẹ́ kí ó mu ọmú yó, a ó dí etí rẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ, a ó wé e dáadáa, yóò sì sùn. Ó kàn jẹ́ pé ìgbà tí àwòrán bá wúlò jù ni ọmọ ti dàgbà ju kí ọgbọ́n yìí ràn án lọ. MRI kò ní ìtànṣán bíi ti CT, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara.

Onífísíò:
Ẹ sọ fún màmá tó ń wẹ ọmọ pé kí wọ́n má ṣe di apá rẹ̀ mú gbé e sókè bí a ti máa ń ṣe, kí wọ́n má sì fà á. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbé ẹ̀yìn àti orí rẹ̀. Tí ẹ bá ń wọ aṣọ fún un, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé; tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ náà, òun ni kó kẹ́yìn. Ẹ lọ rí onífísíò, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, lọ́sẹ̀ yìí, kí oríkèé apá má baà gan; ìyẹn kò nílò àwòrán kankan.