Ayaba oyin tí a fi abẹ́rẹ́ fún ní àtọ̀, kí ló dé tó ń yé akọ nìkan?

Ọmọ_Ọ̀dà: Ẹ̀yin àgbà olóyin Àkúrẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo fi abẹ́rẹ́ fi àtọ̀ sínú ayaba mẹ́rin, máíkrólítà 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi gáàsì CO2 (kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì) kùn wọ́n lóorun. Méjì ń yé akọ nìkan, méjì ò yé nǹkan kan.

Afárá_Funfun: Ọ̀gá mi, 4 kéré. 8 sí 12 ló yẹ. Akọ kan kì í fúnni ju nǹkan bíi 1 lọ, àwọn míì ò sì ní fún yín rárá, torí náà ẹ kó bíi 30 jọ fún ayaba kan. Èyí tí kò bá tíì pé ọjọ́ 14, òfìfo ni. Àwọn tó ń ti òde fò bọ̀ lọ́sàn-án ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fò nínú àpótí aláwọ̀n kí wọ́n yàgbẹ́ tán, torí ìgbẹ́ tó bá kan àtọ̀ lè pa ayaba. Tẹ́ ẹ bá tẹ akọ, èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì onímílíìkì ni àtọ̀. Funfun abẹ́ rẹ̀, ìkẹ̀lẹ̀bẹ̀ lásán ni, á dí ẹnu abẹ́rẹ́. Ẹ rọra fà á lókè bí ẹni ń bu epo lójú ọbẹ̀.

Olóyin_Ọbáilé: Mi ò gbà pé 4 ló fà á. Àtọ̀ díẹ̀ á tètè tán ni, kò ní kó yé akọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹyin tí kò rí àtọ̀ ló ń di akọ, torí náà àtọ̀ yẹn ò wọlé rárá. Ẹran pẹlẹbẹ kan wà tó ń dínà nínú ayaba. Bí abẹ́rẹ́ ò bá kọjá rẹ̀, ẹ ó rí i tí àtọ̀ ń tú padà síta. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ tún tì í wọlé. Ẹ má fi agbára tì í o! Ayaba ọjọ́ 7 sí 10 ni kẹ́ ẹ lò.

Ìyá_Oyin: Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bà á jẹ́ jù. Àtọ̀ ò tíì dé inú àpò tí ayaba ń tọ́jú àtọ̀ sí lọ́jọ́ náà. Ó máa ń gbà tó wákàtí 40, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń wọlé. Ooru 34°C àti àwọn oyin òṣìṣẹ́ tó ń yí ayaba ká ló ń tì í. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ amóoru, ẹ ṣáà mọ bí iná Àkúrẹ́ ṣe rí. Ẹ fi àgò rẹ̀ sáàárín ọmọ oyin tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, kẹ́ ẹ sì fi àwọ̀n ìdènà ayaba sẹ́nu ọ̀nà, kó má fò jáde lọ bá akọ inú igbó.

Gáàsì kejì ló ń ta á jí láti yé: ọjọ́ kan ṣáájú tàbí lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ẹ tún fún àwọn méjì tí ò yé ní gáàsì náà. Ẹ pa ọ̀kan nínú àwọn tó ń yé akọ, kẹ́ ẹ la ìdí rẹ̀. Àpò àtọ̀ yẹn, tó kéré bí orí pín-ín-nì, wà níbẹ̀. Bó bá mọ́ bí omi, Olóyin_Ọbáilé ló jàre.