Builder gel mi kì í jinná dénú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe èékánná. Yaba ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba kọ́sítọ́mà nílé ni. Gel polish lásán ò yọ mí lẹ́nu, tí mo bá ti kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi sábẹ́ iná UV tó ń mú gel jinná, ìyẹn ni pé kó le, fún 60 sẹ́kọ́ńdù, ó ti parí nìyẹn. Builder gel, ìyẹn gel tó ki tí wọ́n fi ń mú èékánná nípọn kó sì le, tí mo rà ní Balógun ló ń dààmú mi. Lánàá ọ̀kan ṣí kúrò lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà mi, òkè ẹ̀ le bí òkúta àmọ́ abẹ́ ẹ̀ ṣì ń fà bí oyin, ẹ̀rù bà mí gan-an torí gel tí ò jinná tó bá ń kan ara lè fa àlẹ́jì tí ò ní lọ mọ́. Ṣé mò ń kó o nípọn jù ni àbí iná mi ni? 405 nm nìkan (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ nìyẹn) ni wọ́n kọ sí iná yẹn lára, wọ́n sì kọ 365 àti 405 sára páálí gel náà. Tí mo bá pín in sí ìpele méjì ńkọ́? Torí ó tún máa ń gbóná, ẹnì kan tiẹ̀ fa ọwọ́ ẹ̀ yọ kíá. Polygel náà ńkọ́, ìyẹn àdàlù gel àti acrylic, ṣé iná yìí á lè mú un jinná? Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kọ́sítọ́mà lọ́jọ́ Sátidé.