Ìtàn ọmọbìnrin inú pósí: ṣé kí n ṣì máa kà á fún àwọn ọmọ mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Mo ń ka ìtàn àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Snow White fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, ló bá fi ìka lé àwòrán ọmọbìnrin tó sùn sínú pósí onígíláàsì. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tí kò lè jí fúnra rẹ̀?" Ẹnu mi wọhò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìyàwó bàbá Snow White, tó fẹ́ pa á. Nínú ìwé tí Grimm tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àwọn ará Jámánì tó kó ìtàn àtijọ́ jọ, tẹ̀ jáde ní 1812, ìyá tó bí ọmọ náà gan-an ló fẹ́ pa á. Ọdún 1819 ni wọ́n sọ ọ́ di ìyàwó bàbá. Ìyàwó bàbá lèmi náà jẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọmọ mi yìí. Tí a bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà á rọra wò mí lójú.

Nínú fíìmù Maleficent ti 2014, tó dá lórí Sleeping Beauty, ìtàn ọmọbìnrin mìíràn tí wọ́n fi ègún mú sùn, obìnrin tó gégùn-ún fún ọmọ náà ló fẹnu kò ó lórí tó fi jí. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Àmọ́ nínú àwọn ìtàn tuntun mìíràn, obìnrin kò gbọdọ̀ sunkún rárá, idà ló ń jù kiri. Kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé ìwé àtijọ́ yẹn tì ni, àbí kí n máa kà á, kí a jọ máa jiyàn lé e lórí? Kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n ọmọ mi?