Ọkọ mi ń fọ ẹ̀jẹ̀, èémí wọn sì ń dá lójú oorun: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ mi ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ torí àìsàn kíndìnrín, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ó pẹ́ tí wọ́n ti máa ń hanrun, mi ò kà á sí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì, ìhanrun yẹn á kàn gé lójijì, ilé á pa lọ́lọ́. Àyà wọn á máa lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé. Lálẹ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó di 44 kí wọ́n tó ta gìrì, tí wọ́n wá ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Wọn ò mọ̀ rárá. Tílẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ wọn, wọ́n á sì ti sùn lọ lórí àga kí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbogbo èèyàn ní àárẹ̀ ìfọ̀jẹ̀ ni. Ẹnì kan ti bá wa wá oògùn oorun, mi ò tíì fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Ìbejì. Ẹ má fún wọn ní oògùn yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Oògùn oorun àti oògùn ìrora tó lágbára máa ń dẹ iṣan ọ̀fun, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè jí ẹni tí èémí rẹ̀ dá. Ọtí náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ rí yìí ni àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ lára àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fara pa mọ́, torí gbogbo àmì rẹ̀ ló jọ àárẹ̀. Alẹ́ Àìkú tí ẹ mẹ́nu bà ni mo fọkàn sí jù. Ṣé Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko lomi ti ń kún ara wọn. Lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ lomi yẹn ń sọ̀ sí. Tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, á wọ́ padà sí àyà àti ọrùn, ọ̀nà ọ̀fun á sì fún. Ẹ fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn nírọ̀lẹ́, kí ẹ wò ó bóyá á jìn.

Ìyá Ìbejì: Mọ́ńdè ni, mà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ojú ìka mi ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ sọ fún dókítà kíndìnrín kí wọ́n tún ìwọ̀n ara tó yẹ kí ọkọ yín wà lẹ́yìn ìfọ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Kí iyọ̀ dín kù, torí iyọ̀ ló ń mú wọn mu omi. Kí wọ́n máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kí orí ga.

Bàbá Àgbà: Ìyàwó wa, ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kó oògùn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lé oògùn fún mi, ìfúnpá ò walẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò oorun fún mi, èémí mi ń dá tàbí kó fẹ́ẹ̀ dá nígbà 38 láàárín wákàtí kan. Tó bá ti lé ní 30, ó le nìyẹn. Wọ́n fún mi ní CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú kí ọ̀fun má baà pa dé. Dókítà Colin Sullivan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1981. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, òru ò ní lọ kí n má já a sọ nù. Imú mi ń gbẹ, atẹ́gùn ń jò sí mi lójú. Ìbòmú ló tóbi jù! Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n fi ike omi sí ẹ̀rọ náà kí atẹ́gùn má baà gbẹ. Tí wọ́n bá fún ọkọ yín, ẹ ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án tí wọ́n bá jókòó, kó lè mọ́ wọn lára.

Àbúrò Dókítà: Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé oríṣi méjì ló wà. Ọ̀fun lè pa dé, ọpọlọ sì lè má pàṣẹ pé kí èèyàn mí. Àìsàn kíndìnrín lè fa méjèèjì, torí ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ máa ń da ètò èémí rú. Ti pé àyà wọn ń lọ sókè sódò, ó jọ ti ọ̀fun, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló máa sọ ọ́. Ẹ tún béèrè bóyá ìfọ̀jẹ̀ òru wà lọ́dọ̀ yín. Ní 2001, àwọn dókítà ní Toronto gbé èèyàn 14 kúrò lórí ìfọ̀jẹ̀ ọ̀sán bọ́ sórí ti òru. Èémí tó ń dá nígbà 25 ní wákàtí kan wálẹ̀ sí 8, tí a bá pín in dọ́gba. Tí wọ́n bá pààrọ̀ kíndìnrín fún wọn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, torí kì í kúrò lára gbogbo èèyàn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti dá oògùn yẹn padà. Mo fi fídíò han dókítà láàárọ̀ yìí, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní àwọn máa dín ìwọ̀n yẹn kù díẹ̀díẹ̀. Àyẹ̀wò oorun di alẹ́ Àìkú, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kó bọ́ sọ́jọ́ yẹn. Lánàá, wọ́n fẹ̀gbẹ́ sùn, mo fi ìrọ̀rí méjì gbé orí wọn. Ìgbà tí èémí wọn dá pẹ́ jù, ìṣẹ́jú àáyá 19 ni.