Àbúrò mi kó àwo jáde nínú ọkọ̀ tó rì, báwo ni kí n ṣe bá a sọ ọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, aṣọ ni mo ń rán, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Scotland ló kó mi sí ìrònú.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn mòòkùn. Wọ́n wá bá ọkọ̀ kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30 nísàlẹ̀. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ òtútù pa ìka ọwọ́ rẹ̀ kú. Nínú fídíò tó fi ránṣẹ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sára irin tó ti dípẹtà, ẹja kan yọjú lójú fèrèsé róbótó, ó sì yára padà sẹ́yìn bí ẹni tó rí olówó èlé.

Ó mú àwo tánganran kan bọ̀, ó ní kí Màmá fi kọ́ pálọ̀. Mo kà á pé òfin ọdún 1995 níbẹ̀ ní kí ẹni tó bá mú nǹkan látinú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi tó Receiver of Wreck, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun tí wọ́n bá rí nínú ọkọ̀ tó rì, létí láàárín ọjọ́ 28. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àwo lásán nìyẹn!”

Ó tún fẹ́ wọ inú ọkọ̀ náà lọ́hùn-ún. Níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ sílíńdà ń tán ní ìlọ́po mẹ́rin ti òkè omi!

Màmá ò tíì gbọ́ o. Ṣé kí n sọ fún wọn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mòòkùn rí, ọ̀rọ̀ wo ló lè wọ̀ ọ́ létí?