Òfin ààbò òṣìṣẹ́ ní New York: ṣé iná Triangle ló bí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á pé iná tó pa òṣìṣẹ́ 146 ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, ló mú kí ìpínlẹ̀ New York tún òfin òṣìṣẹ́ ṣe. Ṣé iná nìkan ni, àbí àwọn kan ti ń jà ṣáájú?

Ìdáhùn kìíní: Ìjà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1909, Clara Lemlich, ọ̀dọ́bìnrin aránṣọ, dìde níbi ìpàdé ní Cooper Union, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú New York, ó fi Yiddish, èdè àwọn Júù láti Yúróòpù, pè fún ìyanṣẹ́lódì, nǹkan bí 20,000 òṣìṣẹ́, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, sì pa iṣẹ́ tì. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn. Àwọn tó ni Triangle kọ̀ jálẹ̀.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré iná náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan pa ní àjà kẹsàn-án, àkàbà àwọn panápaná kò sì ga ju àjà kẹfà lọ, ni àwọn ọmọbìnrin bá ń bẹ́ láti ojú fèrèsé. Frances Perkins, obìnrin tó ń jà fún ire òṣìṣẹ́, fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì bá ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Robert Wagner àti Al Smith, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New York, darí ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ tí òfin tó lé ní 30 ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ilé ẹjọ́ dá àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lóṣù Kejìlá 1911. Ó ṣì ń bí mi nínú.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, sà. Ó wá yé mi pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí iná tó dé.