Èwo ni ká mú ṣáájú lóko kí ìrì dídì tó bọ́?

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Oko bàbá wa ni èmi àti ìyàwó mi ń tọ́jú báyìí, nítorí ẹ̀yìn bàbá kò gba iṣẹ́ mọ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àwa àti àwọn ọmọ sì máa ń ráyè débẹ̀. Ìgbà ìwọ́wé ti wọlé, ilẹ̀ ti ń tètè ṣú, bóyá ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kù kí ìrì dídì àkọ́kọ́ tó bọ́. Ọ̀dùnkún ṣì wà nínú ilẹ̀, tòmátì tí kò tíì pọ́n ṣì wà lórí igi, a kò sì tíì gbin aáyù. Lọ́dún tó kọjá, mo dáwọ́ lé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì parí ọ̀kankan: ọ̀dùnkún tí mo wa lẹ́yìn ìrì dídì jẹrà nínú àpò kí oṣù kan tó pé, rọ́bà tí a fi ń bomi rin ebè sì bẹ́, torí pé omi dì sínú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí ojú bàbá ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Ọ̀dùnkún ni kí ẹ kọ́kọ́ wa, lópin ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, nítorí kò fara da òtútù rárá. Ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ni kí ẹ ti máa tú ilẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ yọ ọ́, torí ojú ibi tí ọkọ́ bá ti ṣá a ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì tètè kó o sínú àpò. Ibẹ̀ ni mo fura pé tọdún tó kọjá ti bàjẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sí yàrá tó móoru, tó sì ní ọ̀rinrin, ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 29, fún ọjọ́ 7 sí 10, kí ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀ lè san, kí ẹ tó gbé e lọ síbi tó tutù díẹ̀, ní nǹkan bí ìwọ̀n 13. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì, nítorí àárín rẹ̀ á le, kò sì ní rọ̀ bí ẹ bá tilẹ̀ sè é pẹ́.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Tòmátì tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń yí padà yóò pọ́n nínú ilé, kò nílò oòrùn. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n sáàárín rẹ̀, yóò yá kíákíá. Igi tòmátì tí àrùn bá ti mú ewé rẹ̀, ẹ má dà á mọ́ ajílẹ̀.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ má jẹ́ kí aáyù dẹ́rù bà yín. Ìrì dídì kò ṣe é ní nǹkan kan, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó dì ni kí ẹ ti gbìn ín, ìyẹn sì máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìrì dídì àkọ́kọ́. Òtútù gan-an ló ń mú kó pín. Èyí tí kò bá rí òtútù tó lè ta roboto láìní awẹ́ kankan. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín ni kí ẹ tó ya á sí awẹ́, ẹ má sì bó èèpo rẹ̀. Ẹ kọ orí ṣónṣó sókè, kó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 15 sì wà láàárín wọn, kí ẹ wá fi koríko gbígbẹ bò ó.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè fi ewé tó ń já wọ̀nyí bò ó dípò koríko?

Ìdáhùn kẹta

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gé e wẹ́wẹ́ ná, nítorí odindi ewé máa ń lẹ̀ mọ́ra bí òjò bá pa á, afẹ́fẹ́ kò sì ní ráàyè kọjá. Kí ẹ tó kúrò lóko lọ́jọ́ náà, ẹ tú rọ́bà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹ gbé e sókè láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì títí omi inú rẹ̀ yóò fi tán.

Olùbéèrè

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí bàbá. Wọ́n ní kí a gbé àga àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gbin aáyù, àwọn ni yóò máa ya awẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ.